Kí Ni Ògiri Ilé Wa Ń Sọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ara ògiri ni mo ti rí i, ní Alájùé, níhìn-ín ní Ẹdẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ parí, ó lọ sí ọjà, ó ra àwòrán mẹ́rin láti fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́: òdòdó pupa kan, afárá kan láàárín yìnyín, ẹṣin méjì tí ń sáré, àti Áyátúlì Kúrúsíyù tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ sára aṣọ dúdú. Ó ní ilé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ojú ni. Mo bi í léèrè pé ìlú wo ni afárá náà wà. Kò mọ̀. Mo ní kí àkọ́bí rẹ̀ ka áyà náà fún mi láti ara ògiri. Ọmọ náà wolẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi ọ̀rẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ògiri ti da ilé tèmi náà rú rí. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa gbé fọ́tò rẹ̀ ńlá kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Àbúrò mi dé láti ibi tí ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ kéú, ó gùn orí àga, ó já fọ́tò náà lulẹ̀, ó ní máláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán wà. Ìyá wa kò bá a jà. Ó gbé fọ́tò náà, ó wọ yàrá, ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá wa jẹun pọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mo dákẹ́. Hadíìsì ni àbúrò mi dì mú; ogójì ọdún ìgbéyàwó ni ìyá wa dì mú. Ta ni kí n dá láre?

Àbúrò mi kò purọ́. Ó wà nínú hadíìsì pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) bínú sí aṣọ ìkélé alámọ̀ àwòrán tí ìyá wa Áíṣà fi kọ́, títí wọ́n fi gé e, tí wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọn kò jó aṣọ náà. Ipò rẹ̀ ni wọ́n yí padà. Bákan náà, nígbà tí ayàwòrán kan lọ bá Ibn Abbas pé iṣẹ́ tí òun fi ń jẹun nìyí, ó ní bí kò bá lè ṣe kí ó má yà, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ní ti fọ́tò, àwọn àáfà àgbà kò fi ohùn ṣọ̀kan. Sheikh Muhammad Bakhit, tí ó jẹ́ Mùfútì Íjíbítì láti 1914 dé 1920, wò ó bí òjìji tí a dá dúró, bí ẹni wo dígí. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń bá ara wọn jiyàn lé lórí, ṣé ó yẹ kí ọmọ gun àga já a lulẹ̀ láìbi ìyá rẹ̀?

Àwọn kan ti sọ ọ́ di pé Mùsùlùmí kò ní nǹkan án fi ọnà ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó tí wọ́n ṣí ní 1894, kí ẹ rí ọnà tí ọwọ́ àwọn àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé ṣe sí i lára. Nítòsí wa ní Òṣogbo, Jimoh Buraimoh ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán tí ayé ń wá. Àlàájì Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó kú ní 2009, iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ni ó bá nínú ìdílé. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Èmi kò ní gbé ère sí pálọ̀ mi, mo sọ ọ́ láìfi bò. Ṣùgbọ́n n kò ní lè wo ilẹ̀kùn tí ọwọ́ bàbá yẹn fín kí n pè é ní ohun yẹpẹrẹ, kí n wá lọ fi owó ra afárá tí n kò mọ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú àwọn pálọ̀ tuntun nìyẹn. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ tí wọ́n fín ilà àti ewé sí lára wà. Aṣọ òkè Ìsẹ́yìn wà, àdìrẹ wà. Ẹni tí ó bá gbé wọn kọ́ lè sọ fún àlejò ibi tí wọ́n ti wá, bóyá ó tilẹ̀ mọ ẹni tí ó ṣe wọ́n. Áyà Àlùkùráánì ńkọ́? Ó dára, bí ará ilé bá lè kà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀ṣọ́ ni a sọ ọ́ dà, tẹlifíṣọ̀n sì ń pariwo lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi. Ibi tí fọ́tò bàbá wa wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ, kò sì sí ẹni tí ó wọlé tí ojú rẹ̀ kò ní lọ síbẹ̀. Nígbà tí a kun ilé, mo wá wàláà tí bàbá wa fi kọ́ kéú ní kékeré jáde. Ibi tí ó máa ń dì mú ti dán, tàdáwà àtijọ́ sì ṣì wà lójú igi náà. Mo gbé e kọ́ síbẹ̀. Inú àbúrò mi dùn, ó ní èyí ni ó yẹ. Mo pe ìyá wa kí ó wá wò ó. Ó fi ọwọ́ pa á, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ó ṣeun, ọmọ mi. Tirẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n ni ó ti fi èyí sílẹ̀.”

Fọ́tò náà ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Àbúrò mi mọ̀, kò sì tíì bi í léèrè.