Okùn Ọrùn Kò Yẹ Adìẹ

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹni ló ń yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá jókòó ti páálí bàálù oníke, tí mo mú abẹ àti gúlù dání, tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣẹ̀yẹ fún ẹni tó ti lọ. Ìfẹ́ máa ń mú ọwọ́ yá jù. Bí a kò bá ṣọ́ra, gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó bá wù wá la ó so mọ́ olóògbé lọ́rùn, títí a ó fi fún un ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Daniel James ni mo ń bá bọ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Chappie. Pensacola ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti bí i ní 1920, àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ 17. Ìyá rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ilé wọn fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Tuskegee ni Chappie ti kọ́ bàálù wíwà, lásìkò tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kò gbà kí dúdú àti funfun jọ wà nínú ikọ̀ kan. Ó ja ogun Korea, ó ja ti Vietnam. Ní 1975, òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di ọ̀gágun onírawọ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà. Oṣù kejì 1978 ló kú, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.

Bàálù tí James fi ja ogun Vietnam láti ibùdó Ubon, ní Thailand, ni F-4C Phantom. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Phantom kì í ṣe ẹ̀yà kan. Èyí tí wọ́n ṣe jù lọ nínú wọn ni F-4E: imú rẹ̀ gùn, ìbọn arọ̀jò ọta sì wà lábẹ́ imú náà. Imú F-4C kúrú, kò sì ní ìbọn kankan nínú. F-4E gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 63, F-4C kò ju 58 lé díẹ̀ lọ. Tí a bá ṣe wọ́n ní ìwọ̀n 1/48, ìyàtọ̀ náà kò ju ìnṣì kan lé díẹ̀ lọ.

Ènìyàn lè ní kí ni ìnṣì kan já mọ́. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Mísáìlì nìkan ni James àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé lọ sójú ìjà lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mísáìlì bá tàsé, tàbí tí ọ̀tá bá ti sún mọ́ wọn jù, kò sí ìbọn tí wọn yóò yìn. Ẹni tó bá fi ìbọn sílẹ̀ ní imú bàálù yẹn ti bu ìgboyà ọkùnrin náà kù láìmọ̀.

Nítorí náà, F-4C ni kí a wá rà. Bí F-4E nìkan bá wà nílé, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: a kì í ki ayùn bọ ike lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ ni a ó kọ́kọ́ fi fa ìlà, a ó tún un fà, a ó tún un fà, kí ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé e. Tí a bá ti lẹ imú kúkúrú mọ́ ọn, a ó fi púútì dí ojú oríkèé náà, ó di ọjọ́ kejì kí a tó fi sáńpépà olómi họ ọ́. Ìka ni adájọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ojú. Ojú yóò ti gbà pé ó dán kí ìka tó gbà.

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1967 ni ọjọ́ tí mo ní lọ́kàn. Robin Olds, ọ̀gá wọn, ló dá ọgbọ́n náà: kí àwọn Phantom ṣe bí ẹni pé F-105 tó ń ju bọ́ǹbù ni wọ́n, kí wọ́n fò bíi tiwọn, kí wọ́n sì gbé agolo gígùn tó ń da ojú rédà rú, èyí tí F-105 máa ń gbé. Àwọn MiG-21 ọ̀tá jáde wá pa ẹran, ọdẹ ni wọ́n bá. Méje nínú wọn ló já lulẹ̀, kò sí Phantom kan tó bá a lọ. Agolo yẹn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ apá. Bí kò bá sí nínú páálí, ká fi ọ̀pá ike ṣe é.

James fúnra rẹ̀ ńkọ́? Fìrìgbọ̀n ọkùnrin ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ìnṣì mẹ́rin. Ère awakọ̀ inú páálí kéré sí i, ọ̀dà aláwọ̀ funfun ni ìwé inú rẹ̀ sì ní ká fi kùn ún. Èmi a máa mú un dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀, láìdé akoto, kí ojú rẹ̀ lè hàn. Máa fi ike kún ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ga ju ìnṣì kan ààbọ̀ lọ, máa sì po ọ̀dà títí yóò fi bá fọ́tò rẹ̀ mu. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ àtijọ́, tó máa ń ṣe àkó, ère tó jọ olóògbé, fún òkú wọn, mọ̀ pé jíjọ ni ẹ̀yẹ.

Ó wá ku ìràwọ̀. Awakọ̀ tó bá já bàálù ọ̀tá lulẹ̀, wọ́n a máa kun ìràwọ̀ pupa sí pátákó tó dúró níwájú ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́. James ló ṣáájú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ tó jà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló já MiG kankan. Everett Raspberry, tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kan náà, ló já ọ̀kan. Ìràwọ̀ náà wà nínú sítíkà tó bá páálí wá, ó pupa dẹ̀dẹ̀, ó sì wu ọwọ́. Òótọ́ ni pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ti Raspberry ni.

Mo kun òkè bàálù náà ní àwọ̀ ewé méjì àti àwọ̀ ilẹ̀, mo kun abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi pátákó yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Ẹni tó bá bi mí pé ìràwọ̀ dà, orúkọ Raspberry ni mo máa ń kọ́kọ́ dá fún un.