Ìkà Òfún àti àwọn tó ń retí ìdájọ́



Ẹ ti gbọ́ Ìkà Òfún rí, tí àwa ń pè ní Ìkáfún. Ibẹ̀ ni Ifá ti ka èèwọ̀ sétí àwọn àgbà tó ń lọ wá ẹ̀mí gígùn ní Ifẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọn ò gbà. Nígbà tí ikú dé, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa wọ́n. Ó ní òun kọ́, èèwọ̀ tí wọ́n jẹ ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó jẹ èèwọ̀ náà ló kú. Ìdájọ́ ọmọ aráyé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo yunifásítì USC ní Los Angeles. Reggie Bush, ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ Heisman ní 2005, ni NCAA sọ pé òun àti ẹbí rẹ̀ gba owó àti ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ máa ṣojú fún un. Èèwọ̀ ńlá nìyẹn lábẹ́ òfin wọn. Ó di February 2010 kí ìgbìmọ̀ tó jókòó gbọ́ ẹjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Bush ti lọ láti 2006. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Pete Carroll, ti gba Seattle lọ ní January. Ta wá ló kù nílé? Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ilé-ìwé girama ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀hún. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi retí.

June 10 ni ìdájọ́ jáde: ọdún méjì láìgbá ìdíje ìparí ọdún, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 30 sì wọlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Ní 2011, wọ́n na ẹgbẹ́ mẹ́wàá nínú méjìlá. Ilé ni wọ́n jókòó sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á ní, "Bàbá, ṣebí 2021 ni NCAA fúnra rẹ̀ gbà kí ọmọ máa fi orúkọ rẹ̀ pawó? Ṣebí wọ́n dá Heisman padà fún Bush ní 2024?" Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra tán. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Mi ò lè fi ojú 2021 wo 2005. Òfin tí ìgbìmọ̀ ṣe, ìgbìmọ̀ lè tú u. Àmọ́ ta ló fẹ́ dá ọdún méjì ọ̀hún padà fún àwọn ọmọ yẹn?

Àwọn tó ń retí ìdájọ́ kọ́ọ̀tù tàbí ti ibi iṣẹ́ máa ń wá gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Kí n tó gún un, mo máa ń bi wọ́n pé: tí ẹjọ́ yìí bá dá ọ lẹ́bi, ta ló tún máa bá ọ jìyà nílé? Ọ̀pọ̀ kì í lè dá mi lóhùn kíá.