Ogun Tí A Kò Tíì Mọ Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815, Grouchy, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, wà nídìí oúnjẹ ní abúlé Walhain, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, nígbà tí ìró àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 33,000. Ọjọ́ kejì ìjà Ligny ni Napoleon ti rán an pé kó máa lépa àwọn ará Prussia tí wọ́n ṣẹ́gun níbẹ̀. Gérard, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ní kí wọ́n gba ibi tí àgbá ti ń dún lọ. Grouchy kọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló fẹ́ jẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn Prussia tó ń wá kiri ti já lu Napoleon lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Waterloo, gbogbo agbára ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀.

Láti ìgbà náà, ṣàṣà lẹni tó ka ìtàn yìí tí kì í bá Grouchy wí. Ó rọrùn, torí àwa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ló sọ ti Waterloo fún Grouchy tẹ́lẹ̀? Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju àṣẹ ọ̀gá rẹ̀, ojú ọ̀nà tó kún fún ẹrẹ̀, àti ariwo kan tó lè jẹ́ ìjà ńlá, tó sì lè jẹ́ ti ìwọ̀nba àwọn tó kù sẹ́yìn láti dá ọ̀tá dúró. Bí ìtàn bá pẹ́ nílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń rá mọ́ ọn lára ni iyèméjì àwọn tó wà níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti lọ, èyí tó kù á wá rí bí àyànmọ́.

Eré kan wà tó ń dá iyèméjì yẹn padà. Àgbàlagbà ló ń ṣe é jù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mo ń gbé, ní Amẹ́ríkà, ní Faransé àti níbòmíràn. Wọ́n á kó ọmọ ogun kéékèèké jọ, ti òjé tàbí ti ike, tí gíga ẹyọ kan kì í sábà ju nǹkan bí mílímítà 28 lọ. Òmíràn jẹ́ 15, òmíràn jẹ́ 6 péré. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun aṣọ wọn, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ìgbànú kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ lọ́dún tí ìjà náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ṣe orí tábìlì bí ilẹ̀ gidi, pẹ̀lú òkè, odò, igbó àti abúlé. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn ìrìn ẹlẹ́ṣin àti ìrìn ẹlẹ́sẹ̀. Dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, ló ń sọ ẹni tí ìbọn bà àti ẹni tí kò bà. Dáìsì yìí kan náà ló ń sọ bóyá àwọn ọmọ ogun tí ìyà ti jẹ púpọ̀ yóò dúró tàbí wọn yóò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí ọkàn eré náà. Ọ̀gágun lè pàṣẹ ohun gbogbo, àmọ́ kò lè pàṣẹ ìgboyà.

Bí a bá gbé Waterloo sórí tábìlì, ìṣòro kan ń bẹ: gbogbo ẹni tó jókòó ló ti ka ìwé. Napoleon gidi dúró kí ilẹ̀ tí òjò òru ti rin gbẹ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méjìlá ọ̀sán kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹni tó bá di Napoleon lórí tábìlì kò ní dúró. Àárọ̀ kùtù ni yóò ti kọlu Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì ti kó ogunlọ́gọ̀ sí abúlé Plancenoit de àwọn Prussia. Ó gbọ́n ju Napoleon lọ nítorí pé láti ọ̀la ló ti wá. Àwọn tó ń ṣètò eré mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti wá ọgbọ́n sí i. Àwọn kan á dorí àwòrán ilẹ̀ kodò, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ abúlé, wọ́n á gbé ìjà náà lọ sí ilẹ̀ mìíràn àti ọ̀rúndún mìíràn, kí ẹni tó ń jà má mọ̀ pé Waterloo lòun wà títí yóò fi tán. Àwọn mìíràn á ní láti wákàtí kan lọ, kí a máa ju dáìsì: bó bá jẹ́ mẹ́fà, Blücher ti dé pẹ̀lú àwọn Prussia rẹ̀, bí kò bá jẹ́ mẹ́fà, kí a ṣì máa retí. Mo ti rí ọkùnrin kan tó mọ ìtàn Waterloo látòkèdélẹ̀, tó ń wo etí tábìlì níhà ìlà oòrùn bí ẹni tí olówó tó ń sin gbèsè ń bọ̀ wá ká mọ́lé. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ó sún mọ́ Napoleon ju bí ìwé èyíkéyìí ti lè gbé e dé.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn tó kú ní Waterloo náà ní ọ̀la tí wọn kò mọ̀. Wọ́n jí ní àárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú aṣọ tútù lára, wọn kò mọ̀ pé orúkọ abúlé tó wà nítòsí yóò di orúkọ ìparun. Ìtàn tí à ń kà ti gba àìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn. Mo gbà tọkàntọkàn pé gbèsè ni a jẹ wọ́n, eré yìí sì wà lára ọ̀nà díẹ̀ tí mo mọ̀ tí a lè gbà san án.

Ẹnì kan ti gbìyànjú láti san án lọ́nà mìíràn rí. William Siborne, ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lọ gbé lórí pápá Waterloo ní ọdún 1830, ó fi oṣù mẹ́jọ wọn ilẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá tó ṣì wà láàyè, ó bi wọ́n léèrè: níbo lo dúró ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, kí lo sì rí níwájú rẹ? Ìdáhùn wọn kò bára mu. Síbẹ̀ ó kọ́ pápá náà, ó to ọmọ ogun táńganran tó ju 70,000 lọ sórí rẹ̀, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1838. Ó ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun ní Chelsea. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó bá rí i yóò júbà ẹni tó ṣe é. Àmọ́ aago méje ni níbẹ̀ títí ayé. Ẹni tó ń wò ó dúró lókè, ó ń rí Napoleon, ó ń rí Wellington, ó ń rí àwọn Prussia lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìpinnu kankan mọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí Reisswitz gbà yàtọ̀. Ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun àgbá Prussia ni, eré tí bàbá rẹ̀ ti fi han ọba ní 1812 ló tún ṣe, tó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Adájọ́ ló wà láàárín níbẹ̀, ikọ̀ méjèèjì a máa fi àṣẹ wọn ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì sọ kìkì ohun tí ojú ẹni tó wà lórí pápá lè tó. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ní 1942, Gilbert Roberts tẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá kan ní Liverpool, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àìsàn ikọ́ ife ti mú kí àwọn ológun ojú omi dá a padà sílé rí. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ló ń bá a sún ọkọ̀ kéékèèké lórí ilẹ̀ tí a fi ẹfun fa ìlà sí. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń yọjú láti inú ihò ara aṣọ tí a ta, kí wọ́n má baà rí ju ohun tí wọn ì bá rí lójú òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọkọ̀ abẹ́ omi náà ń gba ẹ̀yìn wọ àárín àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrù kó tó ta wọ́n, wọ́n sì wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa dọdẹ rẹ̀. Aṣọ tó dí wọn lójú ló là wọ́n lójú.

Ohun tí aṣọ yẹn ṣe fún wọn ni ọ̀rẹ́ ń ṣe fún wa lórí tábìlì. Ènìyàn lè dá ṣe eré yìí, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dá a ṣe, mo mọ ohun tí ọwọ́ òsì mi fẹ́ fi ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló lè fún mi ní ọ̀la tí n kò mọ̀. Ó jókòó sí òdìkejì, ojú tí mo ti mọ̀ fún ọdún pípẹ́ ló kọjú sí mi, síbẹ̀ n kò mọ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn òkè tó kó ẹlẹ́ṣin rẹ̀ pamọ́ sí. Òun náà mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé bí ìjà bá gbóná mo máa ń fẹ́ já wọ àárín, ó sì ti ń dúró dè mí. Ó yá mi ní ọ̀tá fún ọ̀sán kan, ó sì ń ṣe ọ̀tá náà tọkàntara, torí pé bó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n borí, ó ti já mi kulẹ̀.

Lẹ́yìn ìjà wá ni ohun tí mo fẹ́ràn jù ń ṣẹlẹ̀. A ó kó àwọn ọmọ ogun padà sínú àpótí díẹ̀díẹ̀, òun yóò bi mí pé, “Kí ló wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o kò sọdá afárá?” Èmi náà á bi í ní tirẹ̀. Ọkàn tó tì pa láti àárọ̀ á ṣí. Wellington kò jókòó ti Napoleon láti bi í ní ìbéèrè yìí, Grouchy sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láti máa wí àwíjàre fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́. Ogun gidi kì í pèsè àga méjì fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè fara da àìmọ̀ yìí, eré náà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1942, àwọn ọ̀gá ogun ojú omi ilẹ̀ Japan kóra jọ sínú ọkọ̀ Yamato, wọ́n ń fi eré dán ètò ìkọlù tí wọ́n ṣe fún erékùṣù Midway wò. Fuchida, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ òfuurufú wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun pé dáìsì sọ pé bọ́ǹbù mẹ́sàn-án ba àwọn ọkọ̀ tó ń gbé bàálù wọn. Ọ̀gágun Ugaki tó ń darí eré ní kí wọ́n kọ mẹ́ta dípò mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ Kaga tó ti rì nínú eré sì tún léfòó, ó bá wọn ṣe apá tó kù nínú eré náà. Ní oṣù kẹfà, Kaga rì ní tòótọ́, Akagi, Soryu àti Hiryu sì bá a lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. N kò sọ pé dáìsì ríran. Kò mọ nǹkan kan. Ohun tó ṣe ni pé ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan nígbà tí àyè ṣì wà láti dáhùn.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ó tọ́ láti fi ikú ènìyàn ṣeré. Ìbéèrè tó yẹ ni, n kì í sì í sá fún un. Òjé kì í ṣẹ̀jẹ̀. H. G. Wells, tó kọ òfin irú eré yìí sínú ìwé Little Wars ní 1913, gbà pé ẹni tó bá ṣe é dáadáa yóò rí bí ogun gidi ti burú tó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Eré kò dá ogun dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Donald Featherstone, tí ìwé rẹ̀ ti 1962 mú eré náà tàn kálẹ̀, ti wà nínú àwọn ọmọ ogun ọkọ̀ onírin ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó mọ bí òkú ṣe ń rùn. N kò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sídìí tábìlì láti gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tó burú lójú mi ni kí a sọ ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún di iye inú ìwé, kí a sì máa rò pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Mo mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe le tó, torí pé ogun Kírìjì lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbèrò láti gbé sórí tábìlì báyìí. Ọ̀rọ̀ Blücher kò kan ìdílé mi. Ní ti Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, oríkì àwọn tó jà níbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ní 1877 tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ta ló mọ̀ pé àgọ́ ogun tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé kò ní tú pátápátá títí di 1893? Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí àgọ́ ní 1885, kò mọ̀ bí yóò ṣe parí. Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, náà kò mọ̀.

Òkè àti ìbọn Snider kò ṣòroó kọ òfin fún. Ibi tí a há sí ni àlàáfíà. Ní 1886, Samuel Johnson àti Charles Phillips ń lọ ń bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ gómìnà Èkó, kò sì sí òfin eré kankan tí mo mọ̀ tó ní àyè fún irú wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí á fi dáìsì mú lẹ́tà wá, bí a ṣe ń fi mú Blücher wá. Mo ní rárá. Ohun tí mo dábàá ni pé ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan kí àwa méjèèjì kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé pélébé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a fún adájọ́. Ìjà yóò tán bí bẹ́ẹ̀ ni bá pàdé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá fẹ́ tí èkejì kò fẹ́, adájọ́ yóò fa ìwé méjèèjì ya láìsọ fún ẹnikẹ́ni, a ó sì ju dáìsì fún ìbọn tó kàn.