Kò Sọ Bébà Náà Nù

Bíbélì kíkà: Jòhánù 21:9-17

Olùfẹ́, báwo ni ọkàn rẹ ṣe rí ní òwúrọ̀ yìí? Bóyá ìrántí ohun kan tí o rò pé o ti gbàgbé ló jí ọ. Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ nígbà tí inú ń bí ọ. Ìlérí kan tí o ṣe níwájú Ọlọ́run, tí kò sì pẹ́ tí o fi yẹ̀ ẹ́. O ti tọrọ ìdáríjì, o sì gbàgbọ́ pé a ti dárí jì ọ́. Síbẹ̀, ipa rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ.

Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń wu èèyàn ni pé kí ohun gbogbo di tuntun pátápátá. Ọmọ ilé-ìwé tó bá ṣi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe a máa fẹ́ fa ojú ewé náà ya, kí tíṣà má bàa rí i. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń bẹ Olúwa pé kó fa ojú ewé àná ya fún wa, kó fún wa ní òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí.

Jẹ́ ká jọ jókòó díẹ̀, kí n sọ fún ọ nípa ọkùnrin kan tó ń yàwòrán tí kì í fa ojú ewé ya.

William Kentridge ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1955, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé dòní. Èédú ló fi ń yàwòrán. Láti ọdún 1989 ló ti ń fi àwòrán èédú ṣe àwọn fíìmù kéékèèké, sùúrù tí iṣẹ́ náà sì ń gbà pọ̀ gan-an.

Yóò kan bébà ńlá kan mọ́ ara ògiri. Yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní ọ̀ọ́kán. Yóò ya nǹkan díẹ̀ sára bébà náà, yóò rìn lọ sídìí kámẹ́rà, yóò ya fọ́tò ẹyọ kan tàbí méjì, yóò sì rìn padà. Yóò pa ìlà kan rẹ́, yóò fa òmíràn. Yóò tún rìn lọ, yóò tún rìn bọ̀. Bí èèyàn inú àwòrán náà bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè lásán, àlọ àti àbọ̀ ayàwòrán náà yóò pọ̀ kí ọwọ́ yẹn tó gòkè.

Fọkàn sí ohun tó kàn yìí, olùfẹ́. Èédú kì í parẹ́ tán. Bó ti wù kí èèyàn fi rọ́bà nù ún tó, dúdú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò ṣẹ́ kù sára bébà. Nígbà tí ọwọ́ bá ti gòkè tán, ẹni tó ń wò ó yóò ṣì rí ipa gbogbo ibi tí ọwọ́ náà ti gbà kọjá. Kentridge kì í fi ipa yẹn pamọ́. Ó máa ń fi í sílẹ̀ kí ayé rí i, òun gan-an ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dá yàtọ̀.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù alàwòrán lọ́nà tí ọ̀pọ̀ mọ̀ a máa ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bébà tirẹ̀. Àwòrán 40 péré ni Kentridge fi ṣe Felix in Exile, fíìmù tó gbé jáde lọ́dún 1994. Bébà kan náà ni yóò máa yà, tí yóò máa pa rẹ́, tí yóò tún máa yà, títí ìran náà yóò fi parí.

Obìnrin kan wà nínú fíìmù yẹn tó ń jẹ́ Nandi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn ilẹ̀, kó máa wo ojú ọ̀run, kó sì máa ya ohun tó bá rí. Ohun tó ń rí ni òkú àwọn tí wọ́n pa, tí wọ́n nà gbalaja sórí pápá ẹ̀yìn Johannesburg, níbi tí àwọn awakùsà ti gbẹ́ ilẹ̀ kiri nítorí wúrà. Ìwé ìròyìn a fẹ́ wá bo òkú náà. Ilẹ̀ a gbé e mì díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní sí ohun tí a ó fi mọ̀ pé ẹnì kan ṣubú síbẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n yìnbọn pa Nandi fúnra rẹ̀, ilẹ̀ sì gba òun náà mọ́ra.

Ọdún 1994 yẹn ni gbogbo ará Gúúsù Áfíríkà, dúdú àti funfun, kọ́kọ́ jọ dìbò. Kí ìdìbò náà tó wáyé ni Kentridge ti ń ṣe fíìmù yìí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé, nígbà tí ayọ̀ bá dé, báwo ni wọn yóò ṣe máa rántí àwọn tó kú kí ayọ̀ náà tó dé?

Ó nídìí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Kentridge ti sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun ṣí páálí pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè kan nínú yàrá ìwé bàbá òun, òun rò pé ṣokoléètì ló wà nínú rẹ̀. Fọ́tò òkú àwọn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Sharpeville ló bá níbẹ̀. Ní March 21, ọdún 1960, ni wọ́n pa wọ́n. Èèyàn 69 ni àkọsílẹ̀ ìjọba kà. Ọmọdé tó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́.

Olùfẹ́, kì í ṣe gbogbo ipa tó wà lára wa ló jẹ́ pé àwa la fà á. Ẹlòmíràn ló fa òmíràn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ọ nígbà èwe, àwọn ará ilé sì ti fi ẹnu mọ́ ọn. Koríko ti hù bò ó. Ọlọ́run tó rí Hágárì nínú aginjù rí i, kò sì gbàgbé. O lè sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́.

Kentridge kò pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwàásù. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń ronú lórí èédú tí kì í parẹ́ tán yẹn, ọ̀rọ̀ Pétérù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Rántí pé iná èédú ni Pétérù ń yá ní àgbàlá olórí àlùfáà lóru ọjọ́ tó sẹ́ Olúwa rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi í, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn àjíǹde, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí etí òkun láàárọ̀ kùtù, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Jésù ti dá iná èédú kalẹ̀, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì sì wà pẹ̀lú.

Mo máa ń rò ó pé òórùn èéfín yẹn yóò ti gún Pétérù lọ́kàn. Olúwa ì bá ti pàdé rẹ̀ níbòmíràn, níbi tí kò sí nǹkan kan tó lè rán an létí òru ọjọ́ náà. Iná èédú ló mú un padà wá sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olúwa náà bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, inú Pétérù sì bàjẹ́ nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìfẹ́ ni Olúwa fi ń ṣe é. Ó ń fa ìlà tuntun gba orí èyí tó wọ́, níbi tó ti wọ́ gan-an. Nígbà tó sì ṣe tán, kò wá ẹlòmíràn tí kò sẹ́ ẹ rí. Pétérù yìí náà ló gbé àgùntàn rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni. Ìdáríjì Ọlọ́run kò lábùlà, gbèsè náà ti san tán, ẹnikẹ́ni kò sì ní í tún un gbà lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ àpá lè ṣẹ́ kù. Má ṣe jẹ́ kí Èṣù fi àpá rẹ ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run kò dárí jì ọ́. Ẹni tó ṣubú rí ló máa ń mọ bí a ṣe ń fi pẹ̀lẹ́ gbé ẹni tó ṣubú dìde. Èyí gan-an ni Jésù ti sọ fún Pétérù ṣáájú, pé nígbà tó bá padà bọ̀ sípò, kó fún àwọn arákùnrin rẹ̀ lókun.

Ní April ọdún 2016, Kentridge ṣe iṣẹ́ kan sí ara ògiri etí odò Tíbérì nílùú Róòmù. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 500 mítà, àwòrán tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 80. Kò kun ọ̀dà kankan. Ìdọ̀tí ọlọ́pọ̀ ọdún tó ti dì mọ́ ògiri náà ni wọ́n fi omi alágbára fọ̀ kúrò níhìn-ín lọ́hùn-ún, àwòrán sì jáde. Ògiri tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ náà ni. Fífọ̀ nìkan ni wọ́n fi yàwòrán sí i. Àtìgbà yẹn ni ìdọ̀tí sì ti ń padà sórí ibi tí wọ́n fọ̀, bí Kentridge ti mọ̀ pé yóò rí.

Báyìí ni ìgbé ayé tèmi tìrẹ ṣe rí. Ohun tí a fọ̀ lánàá, eruku òní tún ti ń bà lé e. Inú tún ń bí wa, ìlara tún ń yọjú, àdúrà tún ń sú wa. Má ṣe torí èyí sọ ìrètí nù. Àánú Olúwa kì í tán, àràárọ̀ ni ó sì ń di tuntun. Kò tíì rẹ Ẹni tó ń yà ọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ló fẹ́ fà lónìí. Gbà fún un.

Àdúrà: Bàbá, mo dúpẹ́ pé o kò sọ mí nù. Ohun tó yẹ kí o pa rẹ́ nínú mi, pa á rẹ́. Àpá tó bá kù, fi ṣe ìrẹ̀lẹ̀ fún mi, kí n lè máa ṣàánú ẹlòmíràn. Fún mi ní sùúrù pẹ̀lú ọwọ́ rẹ. Ní orúkọ Jésù, àmín.

Iṣẹ́ òní: Ẹnì kan wà nílé rẹ tàbí nínú ìjọ rẹ tí àwọn èèyàn ṣì ń fi àṣìṣe rẹ̀ àtijọ́ dá a mọ̀. Pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà lónìí. Lẹ́yìn náà, lọ bá a, kí o sì fi ohun kan tó ṣe pàtàkì sí ọ sí ìkáwọ́ rẹ̀.