Ayé Kì Í Lọ Bí Ọ̀pá Ìbọn

Bí ẹni tó wá kí olófò bá mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò ní pẹ́ kó tó pa á lówe pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ó ń fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Òwe kan náà ni àgbàlagbà á tún pa fún ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò, tí kò kí èèyàn mọ́, ìkìlọ̀ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ àlàyé kì í kọjá ibẹ̀ yẹn: ìtùnú fún ẹni tó ṣubú, ìkìlọ̀ fún ẹni tó dìde. Lójú tèmi, wọ́n ti sọ òwe náà di ohun pẹ̀lẹ́ jù. Kò ní ayé á yà sí rere, kò sì ní ó máa yà sí búburú. Ó kàn ní kò ní lọ gbọọrọ ni.

Ní Ìyàrà, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì á lọ gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n máa kọ sínú ìwé náà. Tí bàbá rẹ̀ bá ti gba tirẹ̀ ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1991, Kwara ló wà níbẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ tó ń san owó orí, ọmọ Kabba Province ni ìjọba kà á sí, lábẹ́ Àríwá tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Kàdúná. Ilé wọn ò kúrò lójú kan, oko wọn náà ò kúrò. Ìjọba ló ń ṣí wọn nípò lórí ìwé. Tí a bá wá ibi tí ọ̀nà yìí ti ṣẹ́rí, oṣù kìíní ọdún 1897 la máa bá a.

Kó tó di ìgbà yẹn, Tápà Bídà ló ń pàṣẹ fún ilẹ̀ Ọ̀kun. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ Ọ̀kun, ìyẹn Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Òwé àti Ọ̀wọ́rọ̀, lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àní wọ́n ń gba ọmọ èèyàn bí owó ò bá pé. Àwọn ará ìlú mìíràn sá lọ tẹ̀dó sórí òkè. Ó dájú pé lójú àwọn ọba Bídà ìgbà náà, ọ̀nà wọn tọ́ bí ọ̀pá ìbọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 yẹn ni George Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun bí 500 jáde láti Lọ́kọ́ja, ó dorí kọ Kàbà níbi tí ogun Tápà pàgọ́ sí. Kó tó dé, wọ́n ti kó àgọ́ wọn lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Bídà ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni Goldie wá fi jọba ní Bídà? Makun Muhammadu ni, ẹni tó jẹ́ olórí ogun tó wà ní Kàbà! Ẹni tó rò pé torí Ọ̀kun ni òyìnbó ṣe wá, kó gbọ́ ìyẹn.

Odò Ọya ni ilé-iṣẹ́ náà gbà wọ ilẹ̀ wa, kì í ṣe ọ̀nà Èkó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Lugard, aṣojú ìjọba òyìnbó, ta àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, ara Àríwá ni Ìjùmú bá ara rẹ̀, Èkìtì tí wọ́n jọ pààlà sì bá ti Gúúsù lọ. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà tó kéré níye, gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ kí Kàbà àti Ìlọrin bá Ìwọ̀-Oòrùn lọ, ìyẹn ní 1957 sí 1958, ààlà náà ò sì yẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, Yorùbá tó kéré níye láàárín àwọn ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ Ọ̀kun jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà ní Kogí lónìí.

Ṣé ká wá dá àwọn baba tó yọ̀ nígbà tí Tápà lọ lẹ́bi? Mi ò ní dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n ń jí ọmọ rẹ̀ gbé kì í bi olùgbàlà pé níbo lo máa kọ orúkọ mi sí. Ibi tí ojú wọn mọ ni wọ́n ti ṣe ìpinnu, òwe yìí sì ló ń gbèjà wọn: bí ọ̀nà bá ṣẹ́ kọ́nà, ẹni tó dúró níhìn-ín ò lè rí ọ̀hún.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni òwe náà ń gbèjà. Ní Freetown, ní Sàró, Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, jókòó ti àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, ó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe orí, kí ni wọ́n ń pe omi, nílé wọn. Ìjùmú wà lára àwọn èdè tó kọ sínú Polyglotta Africana tó jáde ní 1854. Dsumu ló pè é, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ sì wà nínú ìwé náà. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn kan pé bí wọn ò bá kó wọn lẹ́rú ni, ta ni ì bá kọ èdè wa sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ẹni tí wọ́n gbé lọ ló di èdè rẹ̀ mú lókè òkun, Koelle ló tẹ́tí sí i. Ẹni tó dè é lókùn kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Pé ayé yà síbi tó sàn kò fọ ọwọ́ ẹni tó ti èèyàn sọ́nà ìyà.

Lónìí, àwọn kan ń bèèrè Ìpínlẹ̀ Ọ̀kun. Èmi náà ì bá fẹ́ ẹ, torí ìyà ẹni tó kéré níye ò ṣòro í ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sọ fún wa ibi tí olú ìlú máa wà, Kàbà ni o, Ìsánlú ni, Mọ̀pà ni, àbí Ìyàrà, kí wọ́n sì sọ ẹni tó máa kéré níye níbẹ̀.