Ohun A Fẹ̀sọ̀ Mú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun àgbàlagbà láàárín wa, àwọn kan á jókòó sójú kan, wọ́n á ní ogbó ló dé, kí àwọn ọmọ máa gbé gbogbo nǹkan wá bá àwọn. Àwọn mìíràn á fi tipátipá fara dà á, wọ́n á máa ru ẹrù bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí ìrora kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà, òun ló sì gba ọgbọ́n jù: kí a máa fẹ̀sọ̀ lo orúnkún náà.

Ìbòrí tó ń yọ̀ lórí eegun, tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ: bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde, bí a bá gbé e, omi á tún wọlé. Ẹni tó jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ ń febi pa oríkèé tó rò pé òun ń fún ní ìsinmi. Iṣan itan tó yẹ kó gbé orúnkún ró á sì máa joro.

Ní Dẹ́ńmáàkì, lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí méjì, Ewa Roos àti Søren Skou, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tí orúnkún ń dùn, tí wọ́n ń pè ní GLA:D. Wọ́n á kọ́kọ́ la aláìsàn lọ́yẹ̀, lẹ́yìn náà ni eré ìdárayá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, níṣojú physiotherapist, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Kò sí ohun àràmàǹdà níbẹ̀. Dídìde lórí àga wà níbẹ̀, gígun àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ló wú mi lórí: ṣé orúnkún dúró ṣánṣán lókè ìka ẹsẹ̀, àbí ó ń yẹ̀ sínú? Bí ó bá ṣì ń yẹ̀, wọn ò ní mú un lọ sí èyí tó le jù bẹ́ẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé ó ń yẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni.

Ìrora ńkọ́? Wọ́n ní kí aláìsàn fi nọ́ńbà sọ ọ́, láti 0 dé 10. Bí kò bá ju 5 lọ, tó sì ti rọlẹ̀ padà kó tó di ọjọ́ kejì, kò léwu. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀, wọ́n á dín eré náà kù.

Ẹni tó sáré níwájú èrò la sábà ń kan sáárá sí. Lójú tèmi, ìyá àgbà tó dìde lórí àga bó ṣe tọ́, tó rọra jókòó padà láì já ara rẹ̀ lulẹ̀, tó tún un ṣe lọ́la láìsí ẹni tó yìn ín, òun ló pegedé. Kò sí ohun tí sùúrù sè tí kò jinná.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń fi ìpara ránṣẹ́, ó dáa. Ì bá tún dáa jù bí wọ́n bá san owó physiotherapist, tí ẹnì kan nílé sì ń jókòó ti màmá. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí. Kí wọ́n bi màmá ohun tó fẹ́ fi orúnkún ṣe: ṣé kó kúnlẹ̀ gbàdúrà ni, àbí kó foríkanlẹ̀ kírun, àbí kó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí yàrá rẹ̀? Bí ó bá kan eré dídìde lórí àga, àga gíga ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa lo èyí tó rẹlẹ̀ sí i bí itan bá ṣe ń lágbára. Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá sì pé, kí màmá má dáwọ́ dúró, nítorí iṣan tí a bá pa tì á tún joro.