Níbo Ni Ìwà Ọmọlúàbí Parí Sí?

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ṣe ìpàdé, á gbé ìwé ìṣirò owó dání wá. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì, rìsíìtì sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tún gbọ̀ngàn ìlú ṣe sì wà láàárín ewé rẹ̀. Bí igba náírà bá dín níbẹ̀, á ti fi tirẹ̀ dí i kó tó kúrò nílé. Ọkùnrin yìí kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, á buwọ́ lu ìwé owó ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò là. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè é ní ọmọlúàbí, wọn kò sì purọ́: ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Kò sí ìbéèrè nípa ìwà tó ká mi lára lóde òní tó èyí. Bí a bá ní inú ọkùnrin náà ló bàjẹ́, kí ló dé tí kò bàjẹ́ lọ́jọ́ Àìkú? Bí a bá sì ní inú rẹ̀ mọ́, ta ló jẹ owó ọ̀nà? Àwọn kan ti fi ọjọ́ ayé wọn ronú lórí ohun tó mú àwùjọ dúró àti ohun tó ń tú u ká. Ó yẹ ká gbé ọkùnrin yìí síwájú wọn.

Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ rábì àwọn Júù, kọ̀wé ní 1893 lórí bí pípín iṣẹ́ ṣe ń so èèyàn pọ̀. Ó ní nígbà àtijọ́, jíjọra ló so àwọn ènìyàn pọ̀: iṣẹ́ kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà. Nígbà tí ìlú ńlá dé, yíyàtọ̀ ló wá so wọ́n pọ̀, torí pé alágbẹ̀dẹ kò lè ṣe kó má wá aránṣọ. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ lè kú kí tuntun tó ta gbòǹgbò, ibẹ̀ ni ewu wà. Ní 1897 ó fi àkọsílẹ̀ àwọn tó pa ara wọn ní Yúróòpù hàn pé ibi tí okùn ẹbí àti ti ìjọsìn bá ti tú, irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan kì í dá ìwà rere hù láti inú ara rẹ̀ wá. Àwùjọ ló ń fi lé e lọ́wọ́, àwùjọ ló sì ń ṣọ́ ọ. Okùn wà nínú ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Nínú ọ́fíìsì ọjọ́ Ajé, kò sí.

Ọ̀rọ̀ George Herbert Mead, tó kọ́ni ní Chicago, kò jìnnà sí èyí. Ó kíyè sí i pé bí ọmọdé bá ń ṣe eré, tó ń ṣe bí ìyá, tó tún ń ṣe bíi tíṣà, ó ń kọ́ láti fi ojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ fún rí pé kó rántí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe yóò mọ ohun tí Mead ń wí. Àwọn tó mọ ìyá akápò wa ló jókòó tì í nípàdé. Ojú ta ló wà lára rẹ̀ ní ọ́fíìsì?

Karl Marx kò ní jẹ́ ká sọ̀rọ̀ okùn bẹ́ẹ̀ ká sì kọjá lọ. Wọ́n bí i ní Trier ní ilẹ̀ Jámánì ní 1818, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ti kọ Das Kapital, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1867, nínú ìṣẹ́ tó mú kó sin ọmọ ju ọ̀kan lọ. Ìbéèrè tirẹ̀ le: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ń làágùn, ta ló ń jẹ èrè? Ó ní ohun tí wọ́n bá ń pè ní ìwà rere láwùjọ kan, ó sábà máa ń bá àǹfààní àwọn tó wà lókè mu.

Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Táfá Adéoyè wà lára aṣáájú wọn, kọ̀ láti san owó orí tó ti kọjá agbára wọn. Owó tí ìjọba ń san lórí kòkó wọn kéré sí iye tó ń lọ lókè òkun. Ọ̀nà abúlé wọn kò ṣeé gbà, ipá ni wọ́n sì fi ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ ní kí ìjọba dín owó orí náà kù, wọ́n tún ní kó yọ àwọn baálẹ̀ kan lóyè. Ẹ̀mí ṣòfò, n kò sì gbè sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí náà kù níkẹyìn. Ẹ wo bó ti rọrùn tó láti sọ fún irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé ọmọlúàbí kì í ṣàgídí sí àgbà. Ìtẹríba wà lára ìwà ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà níbẹ̀, akínkanjú náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mú ìtẹríba nìkan nínú wọn, tó fi ń pa ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́, ti ya ìwà láàbọ̀.

Síbẹ̀, Marx kò lè sọ ìdí tí ọjọ́ Àìkú fi yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Akápò wa kì í ṣe olówó ilé iṣẹ́. Àwọn tálákà bíi ti ẹbí rẹ̀ ló yẹ kó gba ọ̀nà tó jẹ owó rẹ̀. Max Weber, onímọ̀ nípa àwùjọ, sọ ní tirẹ̀ pé níbi iṣẹ́ ìjọba òde òní, àpò òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí àpò ọ́fíìsì. Òfin wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì ká ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ kò.

Ẹni tó fọwọ́ ba ojú egbò náà gan-an ni Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1975 ó kọ ọ́ pé inú àwùjọ méjì ni ọmọ Áfíríkà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni ti ìlú àti ẹ̀yà rẹ̀: ó ń fi owó àti agbára rẹ̀ sìn ín láìretí pé kí wọ́n san án padà, ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀ sì wà níbẹ̀. Èkejì ni ti ìjọba tí òyìnbó gbé kalẹ̀: ó ń gbà níbẹ̀, kì í fún un ní nǹkan kan, ẹ̀rí ọkàn kì í sì í nà án. Ekeh kò sọ pé àwọn èèyàn wa kò níwà. Ìtàn ló tọ́ka sí. Àjèjì ló ni ìjọba amúnisìn, àwọn tó ń jà fún òmìnira kò sì rí ohun tó burú nínú kéèyàn ṣe ìmẹ́lẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kó yẹ owó orí sílẹ̀. Òyìnbó lọ, ìwà náà kò bá a lọ. Títí dòní, bí a bá ní "ti ìjọba ni", ohun tí kò lẹ́ni tó ni ín là ń wí. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹlòmíràn á kó ti ìjọba kó lè dáwó ńlá nílé, ìlú á sì fi í joyè.

Níbi tí Ekeh dúró sí ni mo ti nílò Akínṣọlá Akíwọwọ ti Yunifásítì Ifẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1983, ó gbé àjọbí àti àjọgbé síwájú wa: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀, àti àwọn tí ibùgbé dà pọ̀. Ní 1986 ó tún mú èrò àsùwàdà wá láti inú ẹ̀kọ́ Ifá, pé ńṣe ni a dá ohun gbogbo láti wà ní ìṣùpọ̀. Olúkúlùkù ní ìwà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà náà kò pé láìsí àwọn yòókù, ìṣùpọ̀ náà sì ń bàjẹ́ bí ẹnì kan bá fa ara rẹ̀ yọ nítorí àǹfààní ara rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan takò ó ní 1990 pé àwọn èrò rẹ̀ kò tíì yanjú tó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí àwọn ará Yúróòpù wọ̀nyẹn kò rí. Lọ́dọ̀ Durkheim, àwùjọ ló ń fúnni ní ìwà. Lọ́dọ̀ Marx, ẹ̀yìn owó ni ìwà ń tọ̀. Lọ́dọ̀ Akíwọwọ, ìwà àti àwùjọ ló jọ ń dá ara wọn.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní pe akápò wa ní ọmọlúàbí. Ti àjọbí nìkan ló mọ̀. Ìdánwò tó le wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ ìyá ẹni, tí kò ní wá síbi òkú ẹni, tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ló pa wá pọ̀. N kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ìwàásù nìkan ló máa tún un ṣe. Kì í ṣe ìwàásù ló mú un ṣòótọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ń bi í léèrè ni.

Ní July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ìdájọ́ náà kò yan ẹni tí yóò máa wo ìwé owó náà. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn àlejò tó ń gbé ìlú kan náà jọ yan èèyàn, Hausa, Ígbò, Yorùbá, ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ọ̀nà náà, kí wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ìparí oṣù, kí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sáwọn létí, kí wọ́n sì jọ lọ wo ọ̀nà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní òun là.